Dẹ́ẹ̀kì pupa tó yára: ẹ gbà mí lọ́wọ́ àbúrò mi

Ọmọ Kabba:
Okun o, gbogbo ilé. Àwa mẹ́fà la máa ń ta Magic, eré káàdì tí kálukú ń fi dẹ́ẹ̀kì (àkójọ káàdì) tirẹ̀ ta, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa ní Kabba lọ́sàn-án Sátidé. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Kánádà ló fi páálí káàdì kan ránṣẹ́. Kọ́mọ̀n, ìyẹn káàdì tí kò ṣọ̀wọ́n, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, nítorí náà òfin Pauper là ń tẹ̀ lé: kọ́mọ̀n nìkan, káàdì 60 ó kéré tán, ẹyọ kan ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ àfi ilẹ̀ lásán bíi Mountain (ilẹ̀ ni káàdì tó ń mú mana wá, mana la sì fi ń san owó káàdì yòókù).

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ń lù mí bí ẹni lu bàtá. Dẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ ewé ló ń ta. Tèmi jẹ́ káàdì 73, àwọ̀ mẹ́ta ló sì wà nínú ẹ̀. Kí n tó kó mana tí màá fi pe ẹ̀dá ńlá kan (káàdì tó ń jà) jáde, ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn kan ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá mi nínú ìtìjú yìí.

Mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ di pupa. Mo ti rí Lightning Bolt mẹ́rin, Lava Spike mẹ́rin, Chain Lightning méjì, Fireblast mẹ́ta, Monastery Swiftspear mẹ́rin, àti goblin rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ mélòó ni kí n kó sí i? Dírágónì kan tún wà tó ń gba mana mẹ́fà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣé mo lè dá ẹyọ kan sí?

Ará Ìsánlú:
Yọ dírágónì kúrò. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Lọ́kọ́ja:
Àbúrò, mú bírò. Ẹ̀mí 20 ni ẹni tí ẹ jọ ń ta ní. Bolt kan ń yọ 3. Idán (káàdì à-lò-lẹ́ẹ̀kan bíi Bolt) méje bẹ́ẹ̀ yóò yọ 21, gbèsè ti tán nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ ta, o ò ní fa káàdì nígbà àkọ́kọ́. Káàdì 7 tí o fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú 3 tí wàá ti fà nígbà tó bá kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, 10 ni. Bí 3 bá jẹ́ ilẹ̀, tí 7 jẹ́ idán iná bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti kú. Ilẹ̀ 3 nínú 10, nínú 60 ó di 18. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Káàdì kì í jáde bí ìṣirò o, mo mọ̀. Ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi gbà ọ́ láyè káàdì 61, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ 73. Bolt mẹ́rin lo ní. Gbogbo káàdì tí o bá fi lé 60, ṣe lo ń bo Bolt mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà:
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì, àmọ́ idán nìkan ò tó. Ẹ̀dá kéékèèké tó jáde nígbà àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, Bolt ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kó Swiftspear mẹ́rin yẹn sí i kíákíá.

Ìyá Ìbejì, Lọ́kọ́ja:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pẹ́ ní oko. Wọ́n ti fòfin de Swiftspear ní Pauper láti December 2023. Bí ẹ bá fẹnu kò nílé, kò burú, àmọ́ àwa tí à ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja ò ní gbà.

Ọmọ Kabba:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin náà wà nínú àwọn tó ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì, Lọ́kọ́ja:
Èmi gan-an ni. Ẹ se iyán sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà:
Ó dáa, ọ̀rọ̀ Swiftspear, mo gbà. Wá Thermo-Alchemist àti Kessig Flamebreather nínú páálí yẹn. Mana méjì méjì ni wọ́n. Flamebreather máa ń yọ ẹ̀mí 1 nígbàkúùgbà tí o bá ta káàdì tí kì í ṣe ẹ̀dá, Thermo-Alchemist ní tirẹ̀ máa ń jí padà láti tún yọ 1 bí o bá ta idán. Bolt tó ń yọ 3 á di 4 nìyẹn.

Ọmọ Kabba:
Flamebreather mẹ́rin wà! Ìbéèrè kan kù. Llanowar Elves, ẹ̀dá kékeré tó ń mú mana wá, ni àbúrò mi máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ṣé kí n sun ún, àbí kí n máa ju iná sí òun fúnra ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà:
Sun ún lójú ẹsẹ̀. Mana ló ń bọ́ àwọn aláwọ̀ ewé. Àmọ́ Lava Spike ò lè kan ẹ̀dá o, Bolt tàbí Chain Lightning ni kí o lò.

Ìyá Ìbejì, Lọ́kọ́ja:
Ní tèmi, bí káàdì ọwọ́ rẹ bá yá dáadáa, fi elf sílẹ̀, orí ọmọ náà ni kí o dojú kọ. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, sun ún. Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ni Weather the Storm, idán aláwọ̀ ewé tó ń gba mana méjì. Ó ń fún un ní ẹ̀mí 3 fún ara ẹ̀, àti 3 sí i fún idán kọ̀ọ̀kan tó ti ṣáájú ẹ̀ nígbà kan náà, tìrẹ náà sì wà nínú kíkà. Bí o bá fi ìkánjú tú idán mẹ́ta dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó wá dá sí i, ẹ̀mí 12 lo fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá rí i tó fi ilẹ̀ méjì sílẹ̀ láì lò ó, tó ń fi ojú òfìfo wò ọ́, máa ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Fireblast ńkọ́? Ìparí ni tirẹ̀. Mountain méjì lo máa fi rúbọ, ó sì ń yọ 4. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ṣì ju 4 lọ, má sun ilé ara rẹ.

Ará Ìsánlú:
Chain Lightning méjì tó kù kó pé mẹ́rin, lọ tẹ̀ ẹ́ lórí pépà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kí o kì í bọ inú ọ̀rá ìbora níwájú Mountain kan. Ìdíje gidi ò ní gbà á, àmọ́ nílé, bí o bá ti sọ fún àlejò ṣáájú, kò sí wàhálà.

Ọmọ Kabba:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti to ó: Mountain 18, idán 26, ẹ̀dá 16. A ta ìgbà márùn-ún lánàá, mo jẹ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì tí àbúrò mi jẹ, Weather the Storm ni, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo rí ilẹ̀ méjì yẹn kedere, ìwọra ni ò jẹ́ kí n dúró. Ó ti ń béèrè ẹni tó kọ́ mi. Bó bá yọjú síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ̀ mí rí.

Ará Ìsánlú:
Dírágónì ńkọ́?

Ọmọ Kabba:
Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.