Ohùn gaara, ohùn rírún: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ áńpù gìtá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́ dábàá pé kí a máa pe ohùn gìtá tí àwọn ọmọ ń pè ní kílíìnì, ìyẹn èyí tó ń dún kedere, ní "ohùn mímọ́", kí kírọ́ǹṣì, èyí tó ń ha létí díẹ̀, sì di "ohùn ìdọ̀tí". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà. Tèmi ni "ohùn gaara" fún kílíìnì, "ohùn rírún" fún kírọ́ǹṣì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa níbí, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898, bí ẹ bá dárúkọ ohùn mímọ́, áńgẹ́lì ni wọ́n máa rò pé ó ń sọ̀rọ̀.

Ti ìdọ̀tí ló wá dùn mí jù. Òyìnbó ló ń pe ohùn yẹn ní ìdọ̀tí, kì í ṣe àwa. Ta ló tú ṣaworo kúrò lára ìyáàlù rí tó ní òun fọ̀ ọ́ mọ́? Etí tiwa fẹ́ kí nǹkan máa dún woroworo lára ohùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú áńpù, àpótí tí ohùn gìtá ń gbà jáde. Iná tí gìtá ń fi ránṣẹ́ kéré gan-an, áńpù ló ń gbé e ga. Bí ó bá ga ju ibi tí agbára áńpù mọ lọ, orí ìgbì rẹ̀ á kan àjà. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà gogoro wọ yàrá tí àjà rẹ̀ rẹlẹ̀: fìlà á rún. Ọkùnrin náà ò dọ̀tí, fìlà rẹ̀ ló rún. Nínú áńpù onítúùbù, èyí tó ń lo ìgò oníná, fìlà á rọra tẹ̀. Nínú ti tìráńsísítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ìgò yẹn láìlo ìgò, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ni, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń ta létí bí a bá tì í kọjá agbára rẹ̀.

Áńpù Twin Reverb tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1963 ní wọ́ọ̀tì 85. Àjà rẹ̀ ga, ohùn á ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ariwo kí ó tó rún. JC-120 tí ilé iṣẹ́ Roland gbé jáde ní 1975, áńpù tìráńsísítọ̀ ni, ohùn gaara sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Fender Champ oníwọ́ọ̀tì 5 ńkọ́? Ọmọ kékeré ni, kíá ló ń rún. Nígbà tí a fẹ́ ra áńpù fún ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Tákìé, àbúrò mi ní ká gbé èyí tó tóbi jù, àfi bí ẹni ń yan àgbò Iléyá. Mo ní rárá. Gbọ̀ngàn wa ò tóbi. Ká ra onítúùbù wọ́ọ̀tì 15, tó ní ojú méjì, ọ̀kan fún gaara, ọ̀kan fún èyí tó ń rún. Ohun tí a rà nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti dán àwọn ọ̀rọ̀ wò. Lọ́jọ́ ìdánrawò mo sọ fún ọmọ tó ń ta gìtá pé, "Fún wa ní ohùn gaara." Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó yí gain, bọ́tìnì tó ń pinnu bí áńpù ṣe máa gbé iná gìtá ga tó, wálẹ̀, ohùn sì mọ́ bí omi inú àmù. Mo wá dán ọ̀rọ̀ kan wò fún kírọ́ǹṣì, mo ní, "Ó yá, ohùn híhá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wáyà wò. "Bùọ̀dá, kí ló bà jẹ́?" Mo wá ní, "Jẹ́ kó rún díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí gain gòkè, ó fi agbára ta okùn, áńpù sì dáhùn wómúwómú bí ẹni ń rún kúlíkúlí.

Rún ni mo fara mọ́. Aṣọ ń rún, eyín ń rún gúgúrú, ohùn náà lè rún. Mo ti fẹ́ sọ pé "ohùn oníṣaworo" tẹ́lẹ̀, àmọ́ onílù kan l'Ọ́yọ̀ọ́ já mi kulẹ̀: ó ní ṣaworo ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ni, kò yí ohùn awọ padà. Ó tọ̀nà. Ní ti orúkọ áńpù fúnra rẹ̀, agbóhùnsókè dára fún èyí tí oníwàásù ń lò, ṣùgbọ́n ti olórin ń yí ohùn padà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ áńpù.

Ó ku ohùn tó le ju kírọ́ǹṣì lọ, tí àwọn onírọ́ọ̀kì fẹ́ràn. Mo fẹ́ pè é ní "àrúnkúnná", kúnná bíi ti ẹ̀lùbọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù ú lọ, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní pè é.