Mannheimia ni àbí Bibersteinia?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bakitéríà ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ àṣekágbá ni mò ń ṣe. Imú ewúrẹ́ kan tó ń wúkọ́ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni mo ti mú bakitéríà kan, mi ò sì mọ èwo ni nínú bakitéríà méjì yìí, Mannheimia àti Bibersteinia. Gram nẹ́gétíìfù ni (kò di àwọ̀ àkọ́kọ́ ìdánwò Gram mú), ó rí bí ọ̀pá kúkúrú. Ó fọ́ ẹ̀jẹ̀ orí àwo, ó hù lórí MacConkey (oúnjẹ bakitéríà tí kì í jẹ́ kí gbogbo wọn hù), ìdánwò indole kò sì yí àwọ̀. Ìyẹn ni mo fi yọ Pasteurella multocida, bakitéríà mìíràn tó jọ wọ́n, kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un ṣe, èsì kan náà ni. (Ìwé ọwọ́ mi ṣì ń pe Mannheimia haemolytica ní Pasteurella haemolytica, orúkọ tí wọ́n ti yí pa dà láti 1999!)

Ṣúgà trehalose ì bá là á, àmọ́ ó ti tán. Ṣé ìdánwò catalase (bóyá ó máa hó nínú hydrogen peroxide) nìkan tó láti fi ya Mannheimia haemolytica àti Bibersteinia trehalosi sọ́tọ̀, àbí àfi kí n dúró de ṣúgà yẹn?