"Rélùwéè èrò àràárọ̀": ẹni tó ń sùn sílé kò lọ sí àjò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Òṣogbo ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń túmọ̀ ìròyìn kan sí Yorùbá nípa SunRail, rélùwéè tí wọ́n ṣí ní Orlando, ní Florida lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ 1 oṣù karùn-ún, ọdún 2014. Wọ́n wá bi wá léèrè ohun tó yẹ ká máa pe irú rélùwéè bẹ́ẹ̀, èyí tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ láàárọ̀, tó ń gbé e padà wálé nírọ̀lẹ́. Àwọn fúnra wọn dábàá "ọkọ̀ ojú irin arìnrìn-àjò ojoojúmọ́". Ìyá wa kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní ìyẹn ti gùn jù, ẹ jẹ́ ká pè é ní "rélùwéè àárín ìlú".

Ti Ìyá wa ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí kò le. SunRail kì í ṣe ti àárín ìlú kan. Látìgbà tó ti dé DeLand lóṣù kẹjọ 2024, ibi tó ti ń dúró ti di 17, ìlú ló sì ń ti ìlú bọ̀. Ẹ wo ti Èkó náà, Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹwàá 2024: Agbádó ló ti ń gbéra, ó di Oyìngbò, kìlómítà 27. Ẹni tó bá jí ní Agbádó tó ní àárín Èkó lòun wà, ẹ ní kó lọ tún ojú bọ́.

Ti Ẹ̀gbọ́n ló ká mi lára. Àjò! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lọ sí àjò? Iléṣà ni mo wà, àjò sì yé wa níbí. Àwọn bàbá bàbá wa ló ṣe Òṣómàáló. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á máa ti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn. Tí owó bá tó gbà, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: "Òṣó ni màá ló gba owó mi." (Àwọn kan ní orúkọ ẹ̀gàn ni. Lójú tèmi, ajigbèsè ló yẹ kójú tì.) Ìyẹn là ń pè ní àjò: oṣù ń gorí oṣù, ilé onílé lèèyàn ń sùn, ọdún ló ń kó o wálé. Tí alájò bá dé, tẹbí tará á wá kí i kú àbọ̀, ọmọdé á sì ti máa wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ra nǹkan bọ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé láago márùn-ún?

SunRail gan-an jẹ́rìí sí i. Kì í rìn lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá, ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30. Tó bá jẹ́ alájò ló ń gbé, ṣé òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ ló yẹ kó rìn jù?

Ẹ̀gbọ́n á fèsì, mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ní ṣebí "ọkọ̀" náà, orí omi ló ti wá. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ táwọn baba wa ń fi àjẹ̀ wà lórí odò la yọ ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfuurufú lára rẹ̀. "Awakọ̀" tí à ń pe dẹrẹ́bà lónìí, àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lè jáde nínú omi, kí ló dé tí àjò ò lè kúrò níbi tó wà? Èsì mi ni pé ibi tí ọkọ̀ ń gbà ló yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí: èèyàn àti ẹrù ló ṣì ń kó. Àjò tí a bá ti yọ àìsùnlé kúrò nínú rẹ̀, kí ló kù ńbẹ̀?

Tèmi wá rèé, kì í sì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ifẹ̀, à ń dúró de ẹnì kan péré kó kún. Obìnrin kan yọ, tíṣà ni, fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́ kan, bàtà gíga nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kejì, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Agbèrò ní kó bọ́ sẹ́yìn. Ni dẹrẹ́bà bá yọrí lójú fèrèsé: "Èrò àràárọ̀ mi nìyẹn, iwájú ni kó jókòó!" Ọkùnrin tó ti wà níwájú ń kùn lọ sẹ́yìn. Èmi fa bírò yọ, ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo kọ ọ́ sí. Èrò àràárọ̀. Rélùwéè èrò àràárọ̀. Ẹ lè ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Mo bi dẹrẹ́bà náà. Ó ní òun lòun ń gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́, orúkọ yẹn náà lòun sì ń pè é. Lóòótọ́, Sọ́ńdè náà ní àárọ̀, mo gbà, àmọ́ ta ló gbọ́ àràárọ̀ lẹ́nu tíṣà tó ro Sọ́ńdè?

"Àlọ-àbọ̀" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dábàá. Mo wá rántí pé owó ọkọ̀ là ń lò ó fún, àti pé lórí fóònù tí kì í ní àmì ohùn, "alo" lásán làwọn ọmọ yóò rí, wọ́n á sì dá wa lóhùn pé ààlọ̀.

Ní ti "agbègbè agbójúlé-mọ́tò" tí Ẹ̀gbọ́n tún kọ sínú ìtumọ̀ wọn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ìlú tí ẹni tí kò ní mọ́tò ti di arọ. Yóò yé gbogbo ayé.

Ó ku orúkọ ibi tí wọ́n ti ń wọ rélùwéè náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará Òṣogbo ni ká bi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti 1907. Àwa Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wa ló gbà kọjá. Kí làwọn ìyá yín ń pè é kí ìwé tó sọ ọ́ di ibùdókọ̀? Nítorí níbí, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń lọ sí tẹ́ṣàn, ará ilé á ti máa wá ẹni tó máa gba béèlì yín.