Kí ni yàrá ìròyìn kékeré yóò ṣe, nígbà tí WhatsApp ti ń ṣáájú rẹ̀ dé ìlú?

Olóòtú Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìròyìn, mo kí yín o. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti jẹ́ olóòtú ìròyìn, àwa mẹ́rin péré la sì wà nínú yàrá náà. Nígbà tí mo gba iṣẹ́, ìròyìn aago méje òwúrọ̀ ni àwọn ará ìlú fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́jú. Ní báyìí, kí n tó fọwọ́ sí ìwé tí òǹkàròyìn yóò kà, àwọn ọlọ́kadà Sábó ti gbọ́ ọ, wọ́n ti jiyàn lé e lórí, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, àwòrán ọkọ̀ agbépo tó ń jó wọlé sórí fóònù mi, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà náà, ẹ sì mọ iye ọdún tí a ti ń retí pé kí wọ́n parí rẹ̀. Ìròyìn ìjàǹbá níbẹ̀ kì í ya ènìyàn lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n kà á. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni awakọ̀ kan pè wá pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wọlé, pé òun kò rí iná, òun kò rí èéfín. Àwòrán àtijọ́ ni. A tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n obìnrin onítòmátì kan ti ní kí awakọ̀ rẹ̀ yí padà, ó sì wá bá wa ní ọ́fíìsì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí omi ti ń ro lára rẹ̀.

Ṣé kí a máa bá WhatsApp sáré ni, àbí kí a máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Bí a bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wá? Àwọn tó ń gbé ìpolówó wá ti ń béèrè iye ènìyàn tó ń tẹ̀lé wa lórí Facebook kí wọ́n tó béèrè iye tí a ń gbà.

Bàbá Oníwèé Ìròyìn, Ọ̀yọ́:

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ilé ìwé ìròyìn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, tí àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Ó dájú pé ẹnu ará ọjà ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ kiri kí tàdáwà rẹ̀ tó gbẹ. Ìyára kọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ẹ mọ̀ pé ní ìṣe wa, kì í ṣe ẹnu ẹni gbogbo la ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, fóònù ti gbé e káàkiri lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó pè mí kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí wọ́n ti kà á. “Ṣé òótọ́ ni?” ni gbogbo wọn ń wí. Ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ dúró lé ọ̀rọ̀ náà lórí ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa kù sí.

Ọmọ Akẹ̀sán:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún bàbá, n kò gbà pé kí a fi sùúrù ṣe àwáwí. Bí ọkọ̀ agbépo bá ń jó ní tòótọ́, ẹni tí a sọ fún lẹ́yìn wákàtí méjì ti kó sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ohun tó yẹ kí a ṣe. WhatsApp ní àmì tó ń fi hàn pé wọ́n ti ta ọ̀rọ̀ kan látaré lọ́pọ̀ ìgbà; bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo máa ń gbé àwòrán náà sórí Google kí ó bá mi wá ibi tó ti jáde rí, mo máa ń wo nọ́ńbà ọkọ̀ àti bóyá ilẹ̀ tutù lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, mo sì máa ń pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122. Ṣùgbọ́n ohun tó yára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìwé nọ́ńbà: awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, fọkanáísà kan lẹ́bàá ọ̀nà, ìyálọ́jà kan.

Ẹ ṣí ìkànnì lórí WhatsApp pẹ̀lú, kí ẹ sì máa fi ohùn ìṣẹ́jú méjì síbẹ̀ dípò àkọsílẹ̀ gígùn. Ìyá tó ń wọn gàrí kò ráyè kàwé.

Ìyá Ìkéde:

Ẹ̀ka ìpolówó ni mo wà. Lóòótọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń béèrè iye ènìyàn orí Facebook, ṣùgbọ́n ẹbí tó fẹ́ ṣe ìkéde òkú kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Wọ́n fẹ́ kí ìlú gbọ́ orúkọ bàbá wọn lẹ́nu ẹni tí ìlú mọ ohùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ẹ̀rọ rọ́pò òǹkàròyìn, ẹ má gbà. Àwa dán an wò. A kọ ọ́ pé ọkọ̀ ìyá kan jóná, ẹ̀rọ náà sì kà á pé ọkọ ìyá náà ló jóná. Ìyá náà pè wá fúnra rẹ̀ pé ọkọ òun ń jẹ àmàlà lọ́wọ́.

Olóòtú Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ra ìwé nọ́ńbà náà, ẹsẹ̀ fóònù ló sì wà. Láti ọjọ́ Ajé, a ó máa sọ lórí afẹ́fẹ́ pé, “A gbọ́ ọ, a ṣì ń wádìí rẹ̀,” dípò kí a dákẹ́ tàbí kí a kà á wẹ́rẹ́. Nọ́ńbà obìnrin onítòmátì náà ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń gba ọ̀nà yẹn.