Ẹranko ìgbẹ́ wo lẹ lè sọ̀rọ̀ ẹ̀ fọ́mọdé tẹ́nu á yà á? Ẹ bá mi dá sí i o

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ lóṣù yìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n rí nínú kàtúùnù nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹranko kan tó wà nínú igbó tiwa níbí, ọ̀kan nawọ́, ó ní pẹ́ńgúìn 😂. Àlọ́ Ìjàpá wọ́n ti gbọ́ ọ yó, nǹkan tó jẹ́ òótọ́ ni mò ń wá, tí wọ́n á délé tí wọ́n á máa rò fún bàbá wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn dárúkọ kẹ́ ẹ sá lọ, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ọ̀kan tún bi mí pé kí ló dé tí àdán fi ń sorí kodò sùn, mo ní kó di Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí o.

Tíṣà Ìpẹ́rù:
Òkété ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mà. Kò sọ́mọ Rẹ́mọ tí ò tíì rí òkété lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé òkété ń ṣiṣẹ́. Ní Morogoro ní Tanzania, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ APOPO, wọ́n ń kọ́ òkété láti máa fimú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn láyà, á máa lọ á máa bọ̀, tó bá ti gbóòórùn ẹ̀ á fọwọ́ ha ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà jẹ, òun fúnra ẹ̀ ò sì wúwo tó ohun tó lè mú kí bọ́ǹbù bú. Ilẹ̀ tó tó pápá tẹ́níìsì, ààbọ̀ wákàtí ló fi ń ṣe é tán, èèyàn tó gbé ẹ̀rọ dání lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ń jẹ́ Magawa, Cambodia ló ti ṣiṣẹ́, bọ́ǹbù àtàwọn nǹkan abúgbàù míì tó rí lé ní 100. Lọ́dún 2020 PDSA, ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹranko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní mẹ́dàlì góòlù, kò séku tó gba irú ẹ̀ rí. Òkété, báyìí nìwà rẹ 😂

Ọmọ Alárẹ:
Tíṣà ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa sọ ti ẹranko nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ká má dárúkọ agẹmọ? Kì í ṣe òrìṣà Agẹmọ ti Ìmọ̀sàn o, èyí tóbìnrin ò gbọ́dọ̀ wò, ẹ má kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ lọ́wọ́ àwọn baba, èyí tó ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé lórí igi ni mò ń wí. Ojú ẹ̀ méjèèjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń yí, ọ̀kan lè máa wo iwájú kí èkejì máa wẹ̀yìn. Ahọ́n ẹ̀ gùn ju ara ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti nà án ó ti fà á wọlé tòun ti kòkòrò. Ìyẹn ti pé àwọ̀ ibi tó bá dúró sí ló ń mú, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ gbé e lé àǹkárá, kò ní di àǹkárá. Bí òtútù bá mú un ni ara ẹ̀ ń dúdú kó lè fa ooru oòrùn mọ́ra, bínú bá bí i tàbí akọ bá rí abo, àwọ̀ á yàtọ̀.

Bọ̀dá J4:
Ẹ̀yin ará Ṣàgámù àti Òde, erin wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí o! Nínú igbó Omo lọ́dọ̀ wa níbí, igbó tí UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ látọdún 1977. Kì í ṣe erin pápá tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, erin inú igbó ni, ó kéré sí yẹn, etí ẹ̀ rí rìbìtì, eyín ẹ̀ sì nà tààrà lọ sísàlẹ̀. Ọwọ́jà ẹ̀ ò léegun kankan, síbẹ̀ á fi fa igi tu, á tún fi ṣa èso kan ṣoṣo nílẹ̀. Oyún ẹ̀ ń tó oṣù 22! Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti òro, igi tá a ti ń rí ààpọ̀n. Erin á jẹ èso òro, á rìn jìnnà réré, á yàgbẹ́, hóró á hù níbẹ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ọbẹ̀ ààpọ̀n tí wọ́n ń lá yẹn, erin lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹ má sì fi ṣe áńgẹ́lì fún wọn o, tó bá wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóru, àgbẹ̀ á sunkún. Ọ̀pọ̀ wa níbí ò rí òun gan-an, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ tómi òjò kún inú ẹ̀ la máa ń bá.

Kékeré Ọ̀gá:
Ẹ̀yin àgbà, ọmọ wo ló fẹ́ gbọ́ òkété? Kìnnìún ni wọ́n fẹ́ jàre.

Tíṣà Ìpẹ́rù:
@Kékeré Ọ̀gá kìnnìún tó ń sùn tó wákàtí 20 lójúmọ́? Yankari àti Kainji lèyí tó kù ní Nàìjíríà wà, kó máa sùn lọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ ò tíì dá Ìyá Ìbejì lóhùn lórí àdán. Mà, iṣan kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, bó bá ti so rọ̀ báyìí, ìwúwo ara ẹ̀ ló ń fa iṣan yẹn tí èékánná á fi dì mọ́ igi, kò lo agbára kankan, ìdí nìyẹn tó fi ń sùn tí kì í já bọ́. Bó bá sì fẹ́ fò, á kàn tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni, torí ọ̀pọ̀ wọn ò lè dìde fò láti ilẹ̀ bíi ẹyẹ. Kì í sì í ṣe ẹyẹ, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ẹ ṣáà kì wọ́n nílọ̀ kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó lè ní àìsàn lára.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Bọ̀dá J4, ẹ jọ̀ọ́ sà, bẹ́ ẹ bá ní fọ́tò ojú ẹsẹ̀ erin yẹn, ẹ fi síbí kí n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bọ̀dá J4:
Ó wà lórí fóònù mi. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáà ti dé.