Ó wọ́, ó lọ́, àbí ó yíwọ́? Lórí ọkọ̀ oníke tí kò tọ́

Láti Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ṣe ìwé atọ́nà kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń to màkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwòṣe kékeré oníke, ti ọkọ̀ ojú omi. Ìwé Faransé tó wà níwájú mi kọ «coque voilée». Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ pè é ní «ara ọkọ̀ tí a fi aṣọ bò», mo sì ti fagi lé ìyẹn. Mo dábàá «ìyíwọ́» fún gbogbo ẹ̀yà tó bá ti inú páálí jáde láìtọ́. Fún ike tí a tẹ̀ tó tún padà sí bó ṣe wà, mo dábàá «ìrántí ike». Ẹ bá mi wò ó.

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, aṣọ bíbò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ń lò fún ohun tí a fi aṣọ bò àti fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí tó ń já sọ́tùn-ún já sósì. Ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni ìwé yín ń sọ: ara ọkọ̀ tí kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, «ìyíwọ́» kò bá a mu. Ọ̀ràn ló ń yíwọ́, ètò ìgbéyàwó ló ń yíwọ́. Pákó tí oòrùn pa, wíwọ́ ló wọ́. Wọ́rọ́kọ́ náà kọ́, nítorí igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú ti kọ́rọ níbi púpọ̀ láti inú igbó wá. Ara ọkọ̀ oníke kì í kọ́rọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni «gbogbo ẹ̀yà». Bí a bá fún un ní orúkọ kan ṣoṣo, ìtọ́jú kan ṣoṣo ni ọmọ tó ń kà á yóò fún un, ibẹ̀ ni ike ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé ẹ̀yà náà lé dígí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá dígí dọ́gba. Bí orí méjèèjì bá kan dígí tí àárín gbé sókè, tàbí tí àárín kàn án tí orí méjèèjì gbé, ó wọ́, ó ṣe bí ọrun ọdẹ. Bí ẹ bá tẹ igun kan mọ́lẹ̀ tí igun mìíràn dìde lọ́hùn-ún, ó lọ́, bí aṣọ tí a fún omi rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́jú ṣùgbọ́n tí ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣí síta, ó yà. Bí ògiri náà bá wọnú, ó fún.

Orísun wọn kan náà ni. Pọlisitáírínì, ike tí a fi ń ṣe ẹ̀yà wọ̀nyí, ni wọ́n ń tì ní gbígbóná sínú mọ́ọ̀dù irin. Ibi tó nípọn máa ń pẹ́ tutù ju ibi tó fẹ́lẹ́ lọ. Bó ṣe ń tutù ló ń súnkì, tó ń fa ibi tó ti le mọ́ra. Bí wọ́n bá tún yọ ọ́ kó tó tutù tán, a jẹ́ pé ó parí. Ọkọ̀ gígùn ni èyí ń bá jà jù. Yamato gidi, ọkọ̀ ogun Jàpáánì, gùn tó mítà 263. Ní ìwọ̀n 1/700 (mítà 700 gidi di mítà 1), èyí tí ọ̀wọ́ àwòṣe Waterline ti Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1971, ó di sẹ̀ǹtímítà 37.6, ní 1/350, ó di 75. Bí irú ọ̀pá gbọọrọ bẹ́ẹ̀ bá wọ́ ní mìlímítà 2 péré, pèpéle òkè ọkọ̀ kò ní jókòó.

Èyí tó yà tàbí tó fún kò nílò ooru rárá. Pèpéle ni òṣùwọ̀n: ẹ gbé e sórí rẹ̀ láìfi kọ́ọ̀lù tí a fi ń lẹ ike sí i, ẹ wo ibi tó há àti ibi tó fẹjú. Fún èyí tó fún, ẹ gé ọ̀pá ike tó nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3, kó gùn tó bí pèpéle ṣe fẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi dábùú inú ọkọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún. Fún èyí tó yà, téèpù ni kó fà á wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lẹ̀ ẹ́ láti iwájú ọkọ̀, sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 lẹ́ẹ̀kan; kó mú kí ẹ tó sún síwájú. Ẹni tó bá fi kọ́ọ̀lù yí gbogbo rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ọkọ̀ ni gbogbo àlàfo yóò kó sí.

Èyí tó wọ́ ló nílò omi gbígbóná, ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀ sì ṣe pàtàkì: mú un rọ̀ la ó kọ, kì í ṣe yọ́ ọ. Omi 60 sí 70 °C tó. Pọlisitáírínì ń di jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 100 °C, nítorí náà omi tó ń hó yóò mú kó súnkì, yóò sì ba àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá títọ́ díẹ̀, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ sínú omi tútù títí yóò fi tutù dénú. Kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta díẹ̀díẹ̀ sàn ju kí ẹ mú omi gbóná sí i lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní tútù, á funfun lójú ibi tó ti tẹ̀. Ó ti fẹ́ dá nìyẹn.

Èyí tó lọ́, òkúta tí ẹ gbé lé e kò ní tú u. Lílọ́ la fi ń tú lílọ́: ẹ mú un rọ̀, kí ọwọ́ kan di iwájú mú, kí èkejì yí ìdí sí òdìkejì.

Ní ti «ìrántí», orí dà lára ike tí yóò fi rántí? Faransé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí pàkúté ṣe ń ta ni ike ń ta padà. Ìtapadà ni kí ẹ kọ.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́

Àbúrò mi ní Àjàṣẹ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan lo fún wa. Àkọlé ńkọ́? Bí a bá kọ «ìwọ́ ọkọ̀», ìdodo ọkọ̀ ni ará ilé mi yóò kà. «Wíwọ́» ni kó kọ. Kí o sì fi «tẹ̀» sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ ṣe nìkan: ó wọ́ fúnra rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ padà.

O tún fo résíìnì, irú ike mìíràn tí a ń dà sínú mọ́ọ̀dù. Ìyẹn fara da omi tó gbóná ju ti pọlisitáírínì lọ, ìṣẹ́jú méjì kò pa á lára. Ara dígí pẹlẹbẹ la sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí yóò fi tutù. Kọ́ọ̀lù ike kò sì mú un, kọ́ọ̀lù tó ń mú ní kíákíá (super glue) ló ń mú un.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ike fi ń wọ́ lẹ́yìn tí a ti tò ó tán: kọ́ọ̀lù olómi ń mú ike rọ̀ kó tó mú. Bó bá pọ̀ jù lábẹ́ pèpéle tó fẹ́lẹ́, pèpéle á rì ní òru ọjọ́ náà. Mo máa pe ìyẹn ní rírì, kó má bàa dàpọ̀ mọ́ wíwọ́ tó ti ilé iṣẹ́ wá.

Láti Kétu

Ìyá wa, mo gba «wíwọ́». Mo gba lílọ́, yíyà, fífún àti rírì. «Ìtapadà», ẹ jẹ́ kí n gbé e lé etí àwọn ọ̀dọ́ náà ná. «Ìrántí» dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Òpó ọkọ̀ tó wọ́ ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo la ó fún un?

Láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, òpó tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ kì í gba ìtọ́jú omi gbígbóná. Ẹ gé e dànù, kí ẹ fi wáyà idẹ rọ́pò rẹ̀. A ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún ìyẹn.