Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: títo òkúta dí kòtò ọ̀gbàrá nínú oko kajú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú oko o. Ẹ̀bá òkè ni oko kajú wa wà, ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò gba àárín rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò igi ti ń yọ síta.

Mo fẹ́ fi ọwọ́ to òkúta dábùú kòtò náà láìlo sìmẹ́ńtì, kí omi lè rọra gbà á kọjá, kí ẹrẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Òkúta kọ́ ni ìṣòro; ta ni òkúta máa wọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́? Mo mọ̀ pé àárín òkúta tí a bá tò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí omi má baà yà lọ jẹ etí kòtò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó o ga dé etí kòtò. Ọkàn mi ò gbà á. Bí omi bá já láti òkè bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní gbẹ́ ìdí rẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìpele òkúta kan ṣoṣo, tó fẹ̀ dáadáa, ló dára jù? Orí kòtò tí omi ti ń já sílẹ̀ ńkọ́, kí la ń ṣe síbẹ̀?

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́yìn òjò ńlá. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.